Kóòdù ìdánwò kò gbọdọ̀ bá sọ́fítíwíà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà

Kò sí bírikìlà tó lè da dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìlo pákó àti ọparun. Àwọn ló máa gbé kọnkéré náà dúró títí yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n kò tíì sí onílé tó máa kó ẹrù wọlé nígbà tí ọparun ṣì dúró káàkiri inú pálọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó máa san owó tó kù fún bírikìlà tó bá ní òun gbàgbé wọn síbẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń rí ọparun. Ìṣòro ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké lóde òní ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò ṣeé fi ojú wò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á san owó, wọ́n á gba sọ́fítíwíà tí wọ́n fẹ́ máa fi tajà tàbí fi ṣírò owó, á máa ṣiṣẹ́ dáadáa, inú onísọ́ọ̀bù á sì máa dùn, láìmọ̀ pé ọparun ṣì kún inú ilé tí òun kó sí.

Ọparun yìí ni kóòdù ìdánwò. Kì í ṣe ohun tó burú rárá. Ẹni tó bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa dán an wò bó ṣe ń kọ ọ́ lọ. Yóò dá oníbàárà tí kò sí láyé sílẹ̀, yóò ta ọjà fún un, yóò gba owó tí kì í ṣe owó lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan fún ara rẹ̀ kó má baà máa tẹ páásíwọ́ọ̀dù ní ogún ìgbà lójúmọ́. Yóò ní kí ètò náà máa kọ gbogbo ohun tó bá ń ṣe sínú fáìlì kan, kó lè rí ibi tó ti ń ṣìnà. Ẹni tí kì í ṣe gbogbo èyí gan-an ló yẹ kí oníṣòwò sá fún, nítorí òun ló máa gbé iṣẹ́ tí kò dán wò fún olówó iṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tó wá di pé kí sọ́fítíwíà jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà, gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gbígba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló sún mọ́ oníṣòwò Nàìjíríà jù. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Paystack àti Flutterwave, tó ń bá àwọn onísọ́ọ̀bù gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, oríṣi kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n ń fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀kan wà fún ìdánwò, èkejì wà fún owó gidi. Nọ́ńbà káàdì tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò kì í ṣe àṣírí, gbangba ni wọ́n kọ ọ́ sí kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lè rí i lò. Ká ní ìyá kan ń ta aṣọ òkè n'Ìbàdàn, tó ní kí ọmọ àdúgbò kan bá òun ṣí sọ́ọ̀bù sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọmọ náà bá gbé e jáde láìyọ kọ́kọ́rọ́ ìdánwò kúrò, oníbàárà tòótọ́ tó mú káàdì gidi wá kò ní rí ọjà rà, torí pé káàdì gidi kì í ṣiṣẹ́ níbi ìdánwò. Gbájú-ẹ̀ tó mọ nọ́ńbà ìdánwò ni tirẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Yóò sanwó aṣọ ìgbéyàwó odidi ẹbí, kọ̀ǹpútà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó ti wọlé, ìyá yóò di ẹrù, yóò fi ránṣẹ́. Ọjọ́ tó bá wo àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì ni yóò tó mọ̀ pé kọ́bọ̀ kan kò wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti nọ́ńbà tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù oníbàárà kó tó lè wọlé. Ẹni tó ń dán ètò wò kò ní fẹ́ máa dúró de àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí náà yóò ní kí ètò náà máa gba 123456 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́. Bí ìlà kan ṣoṣo yẹn bá bá sọ́fítíwíà jáde, kò sí àkáǹtì oníbàárà tí àjèjì kò lè wọ̀.

Ẹni tó bá rò pé àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nìkan ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí, kí ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ HP. Lóṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn onímọ̀ nípa ààbò kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ modzero, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, kéde pé àwọn rí ohun kan nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká HP kan. Ilé-iṣẹ́ Conexant ló bá HP ṣe ètò tó ń mú kí ohùn jáde lára kọ̀ǹpútà náà. Ètò yìí ní láti mọ̀ bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ohùn tàbí tó ń pa máíkì. Kí àwọn tó ṣe é lè mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ bọ́tìnnì dáadáa, wọ́n ní kó máa kọ gbogbo bọ́tìnnì tí wọ́n bá tẹ̀ sínú fáìlì kan. Gbogbo bọ́tìnnì, kì í ṣe ti ohùn nìkan. Páásíwọ́ọ̀dù báńkì wà níbẹ̀, lẹ́tà ọkọ sí ìyàwó wà níbẹ̀, iye tí oníṣòwò fẹ́ pe ọjà rẹ̀ fún oníbàárà náà wà níbẹ̀. Ibi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà náà ti lè ṣí fáìlì ni wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sí.

HP kò jiyàn. Wọ́n ní kóòdù ìdánwò ni, pé kò yẹ kó bá ọjà jáde rárá, wọ́n sì gbé àtúnṣe síta. Lóòótọ́, ìgbàkígbà tí ènìyàn bá tún wọ kọ̀ǹpútà náà ni fáìlì yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Àmọ́ ẹni tó bá jẹ́ aláfarabalẹ̀, tó ń kó gbogbo fáìlì rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn lójoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń gbà wá nímọ̀ràn, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ fún olè. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún kan náà, wọ́n tún rí òmíràn, lọ́tẹ̀ yìí nínú ètò tó ń darí ibi tí wọ́n ń fi ìka rá lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí ilé-iṣẹ́ Synaptics ṣe. Pípa ni wọ́n pa tiẹ̀, ẹni tó bá ti gba àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà náà ló lè tan án. Síbẹ̀, oríṣi kọ̀ǹpútà HP tó kàn lé ní 460.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. EliteBook 840 G3 wà lára àwọn tí ti àkọ́kọ́ kàn, irú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń rà ní tòkunbọ̀ ní Computer Village, n'Ìkẹjà. Ẹni tó bá ní ọ̀kan, tí kò sì mọ̀ bóyá ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti fi àtúnṣe HP sí i, kí ó ní kí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá òun wò ó.

Ti HP ṣì sàn, nítorí ẹni tó wò ó rí i. Ti Citigroup ló yẹ kó gba oorun lójú oníṣòwò. Ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà tó ń ra ṣíà, tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà, wà lábẹ́ òfin pé bí àjọ SEC, tó ń mójú tó ọjà ṣíà lọ́hùn-ún, bá béèrè àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n tà, wọ́n gbọ́dọ̀ kó o sílẹ̀ pátá. Kọ̀ǹpútà ló ń kó o jọ fún wọn. Àwọn tó kọ ètò náà ya nọ́ńbà ẹ̀ka 089 títí dé 100 sọ́tọ̀ fún ìdánwò, wọ́n sì ní kí ètò náà máa fò wọ́n kọjá bó bá ń kó àkọsílẹ̀ jọ fún ìjọba. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà. Ta ló fẹ́ fi ọjà ayédèrú ránṣẹ́ sí ìjọba? Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ ń fẹ̀ sí i, nọ́ńbà lásán kò tó mọ́, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà kún nọ́ńbà àwọn ẹ̀ka tuntun, bíi 10B àti 10C. Kò sí ẹni tó rántí àṣẹ tó wà nínú kóòdù. Kọ̀ǹpútà rí 10B, ó kà á mọ́ ti ìdánwò, ó fò ó.

Ó ń fò ó bẹ́ẹ̀ láti oṣù karùn-ún ọdún 1999 títí di oṣù kẹrin ọdún 2014. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà tó lé ní 2,300 ni ìjọba béèrè àkọsílẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní èyí tí kò pé. Ọjà tí wọ́n fò jẹ́ 26,810. Lóṣù keje ọdún 2016, SEC ní kí ilé-iṣẹ́ náà san mílíọ̀nù méje dọ́là, òun náà sì gbà pé òun jẹ̀bi. Ohun tó tún bí àjọ náà nínú ni pé lẹ́yìn tí wọ́n rí àṣìṣe yìí, oṣù mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó sọ ọ́ fún ìjọba.

Àwọn kan á ní kóòdù ìdánwò kọ́ ló jẹ̀bi níbí, pé ẹni tó yan 10B ni. Àwáwí ni. Ẹni tó ń fún ẹ̀ka tuntun ní nọ́ńbà kò kọ kóòdù, kò sì sí bó ṣe fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀. Ká ní ibi ìdánwò ni àṣẹ yẹn dúró sí, tí kò bá ètò náà dé ibi iṣẹ́ gidi, nọ́ńbà yòówù kí wọ́n yàn, kò ní í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó sì rọrùn kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní sọ́ọ̀bù kékeré. Ẹni tó ń kọ ètò ìṣirò owó lè ní kó má ṣe ka oníbàárà tí orúkọ rẹ̀ bá fi Test bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye ọjà tí wọ́n tà, nítorí Test 1, Test 2 ni òun fi ń dán an wò. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń jẹ́ Testimony ńkọ́? Gbogbo ohun tí wọ́n bá rà ni kò ní í hàn nínú ìṣirò, onísọ́ọ̀bù yóò sì máa fura sí ọmọ tó ń bá a tajà pé ó ń jí ẹrù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1988, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Cornell kan, Robert Tappan Morris, tú ètò kan sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà, ó sì ń ti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sínú òmíràn. Iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n fojú díwọ̀n pé ó kọlù tó 6,000. Ọ̀kan lára ọ̀nà tó ń gbà wọlé ni ètò sendmail tó ń gbé lẹ́tà kiri, nítorí pé ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń lò ó láìpa àyè tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún yíyẹ àṣìṣe wò. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà náà láti òkèèrè. Ilé ẹjọ́ fi Morris sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n ní kó ṣiṣẹ́ ìlú fún wákàtí 400, kó sì san 10,050 dọ́là. Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni wọ́n dá lẹ́bi.

Lónìí ní Nàìjíríà, ẹni tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ náà yóò jẹ nínú rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni àwọn aráàlú tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2023 kò béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó kọ kóòdù. Ẹni tó gba orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì lọ́wọ́ oníbàárà fún òwò rẹ̀ ni ó di ẹrù náà lé lórí. Bí ìsọfúnni bá bọ́ sí ọwọ́ tí kò yẹ, tó sì lè ṣe àwọn tó ni ín ní jàǹbá, wákàtí 72 ni onísọ́ọ̀bù ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Kódà fún òwò kékeré, owó ìtanràn lè tó mílíọ̀nù méjì náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Fáìlì tí ètò kan ń kọ nǹkan sí nítorí ìdánwò, tó wá kún fún orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà, lè kó odidi sọ́ọ̀bù sí wàhálà.

Bí wọ́n bá béèrè ọ̀nà àbáyọ, ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé kí ẹni tó kọ ọ́ rántí yọ ọ́. Ìmọ̀ràn tí kò wúlò nìyẹn. Aago méjì òru ni wọ́n máa ń parí iṣẹ́ yìí, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, olówó iṣẹ́ sì ń pe fóònù pé ọ̀la ni òun fẹ́ ṣí sọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tó ń rántí gbogbo nǹkan nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó já fáfá tó. HP àti Citigroup kò ṣaláìní àwọn ọlọ́pọlọ pípé.

Ẹ̀rọ ló yẹ kó ṣe é. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ṣe dáadáa, kì í ṣe ènìyàn ló ń kó kóòdù jọ di odidi ohun tí oníbàárà yóò lò. Ètò mìíràn ló ń ṣe é, bí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ píọ́ wọ́tà ṣe ń bu omi sínú ọ̀rá, tó sì ń lẹ̀ ẹ́. Omi tó bá gba inú páìpù nìkan ló ń dé inú ọ̀rá. Omi tí wọ́n fi fọ ilẹ̀, tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè débẹ̀, kì í ṣe torí pé ẹnikẹ́ni rántí, bí kò ṣe pé kò sí páìpù tó lọ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ya kóòdù sọ́tọ̀ náà nìyẹn. Àwọn tó ń fi Java ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ètò tí wọ́n ń pè ní Maven máa ń kó kóòdù iṣẹ́ gidi sínú àpò kan, wọ́n á kó ti ìdánwò sínú àpò mìíràn, ohun tí Maven bá sì dì fún oníbàárà kì í mú ohunkóhun láti inú àpò kejì. Àwọn tó ń lo èdè C# lè fi àmì sí ìlà tó jẹ́ ti ìdánwò, kó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀dà ti oníbàárà, ẹ̀rọ náà kò ní ka ìlà yẹn rárá, àfi bí ẹni pé wọn kò kọ ọ́ rí.

Èyí nìkan kò tó, nítorí kọ́kọ́rọ́ ìdánwò àti 123456 lè wà láàárín kóòdù gidi. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti di ẹrù tán, ó tún gbọ́dọ̀ tú u wò. Wọ́n á kọ orúkọ àwọn ohun tí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ fún un, yóò wá wọn, bó bá sì rí ẹyọ kan, iṣẹ́ dúró. Sọ́fítíwíà kò ní í jáde, ìbáà jẹ́ ọ̀gá pátápátá ló ń kánjú. Ìlànà tí Google ń lò nìyẹn ní Play Store: ètò fóònù tí wọ́n bá gbé wá láìtíì pa àmì tó ń fàyè gba yíyẹ àṣìṣe wò, wọ́n á dá a padà. Kò sì ní owó nínú púpọ̀. Ọ̀fẹ́ ni Jenkins, tó wà lára àwọn ètò tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ kan tàbí méjì ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ń lò láti tò ó fún iṣẹ́ kékeré.

Àwọn kan lára àwọn tó ń kọ kóòdù ní àríyànjiyàn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lórí èyí. Wọ́n ní bí wọ́n bá dán ẹ̀dà kan wò, tí wọ́n wá yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó tà á, ohun tí wọ́n tà kì í ṣe ohun tí wọ́n dán wò mọ́. Òótọ́ ni. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ẹnìkan fi iṣẹ́ gidi sínú ìlà tó pè ní ti ìdánwò, kí ẹ̀rọ yọ ìlà náà, kí iṣẹ́ gidi bá a lọ, kí sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ lánàá wá dákú lọ́wọ́ oníbàárà. Ṣùgbọ́n ohun tí èyí fi hàn ni pé ìdánwò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì: wọ́n á dán inú rẹ̀ wò pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á mú ẹ̀dà tí ẹ̀rọ ti dì fún oníbàárà gan-an, wọ́n á lò ó láti ìta bí oníbàárà ṣe máa lò ó. Ẹni tó bá ní kí kóòdù ìdánwò wà níbẹ̀ títí nítorí àríyànjiyàn yìí dà bí bírikìlà tó ní kí ọparun má ṣe kúrò ní pálọ̀, nítorí pé dẹ́kìn kò tíì dá dúró láìsí wọn rí. Kí ló dé tí kò yọ wọ́n, kó wò ó bóyá yóò dúró?

Oníṣòwò kò nílò kó mọ kóòdù kà kó tó lè béèrè nǹkan wọ̀nyí. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún pé ta ló ń di ẹ̀dà tó ń jáde, ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń dì í lórí kọ̀ǹpútà ara wọn ni àbí ẹ̀rọ ló ń dì í. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, kí wọ́n fi ìwé tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde hàn án, níbi tó ti kọ ọ́ pé òun wá kọ́kọ́rọ́ ìdánwò, òun kò sì rí i. Kí òun fúnra rẹ̀ tún jókòó, kí ó fi nọ́ńbà káàdì ìdánwò ra ọjà ní sọ́ọ̀bù ara rẹ̀, kí ó tẹ 123456 síbi tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà orí fóònù, kí ó fi admin gbìyànjú láti wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣí, ó ti rí ọparun.

Èyí tó yẹ kó wọ inú ìwé àdéhùn kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ ni pé owó tó kù kò ní í jáde títí ẹ̀rọ yóò fi fọwọ́ sí ẹ̀dà náà, àti pé gbogbo àtúnṣe tí wọ́n bá tún ń ṣe lẹ́yìn náà, bó ti wù kó kéré tó, ojú ọ̀nà kan náà ni yóò gbà jáde. Ìlà kejì yìí ni àwọn oníṣòwò máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ àtúnṣe kékeré, nígbà tí wọ́n ní kí ọmọ náà kàn bá wọn yí iye owó ọjà padà kíá, ni ó rọrùn jù kí kọ́kọ́rọ́ ìdánwò padà wọlé.